Iná Inú Ìwé, Iná Inú Ilé

Ẹni tó bá ń gba Marina kọjá ní Erékùṣù Èkó, tó bá gbójú sókè níwájú ilé gíga tó ti jẹ́ olú ilé iṣẹ́ amúnáwá rí, yóò rí Ṣàngó níbẹ̀. Idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́, ó sì dúró gbagidi bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè iṣẹ́ tó wá ṣe. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha tí òkìkí rẹ̀ kàn dé London nínú iṣẹ́ ọnà, ló rọ ọ́ ní 1964 fún àjọ tó ń pèsè iná fún Nàìjíríà nígbà náà. Ọmọ iná là á rán síná. Ẹni tó gbé iṣẹ́ ọ̀hún fún un mọ ohun tó ń ṣe. Láti ìgbà náà, ère yìí ti rí i tí àjọ tó gbé e kalẹ̀ pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì, ó rí i tí wọ́n gé àjọ náà sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì tà á, ó sì ti rí ọ̀pọ̀ alẹ́ tí òpópónà iwájú rẹ̀ ṣú dùdù.

Kí ìtàn yìí tó rìn jìnnà, ó yẹ ká mọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iná. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan ń jẹ tó kílówáàtì kan. Bí ẹgbẹ̀rún áyọ́ọ̀nù bá ń gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́gáwáàtì kan ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí ìjọba bá ní Nàìjíríà ní nǹkan bí 13,000 mẹ́gáwáàtì, agbára tí wọ́n kọ sára àwọn ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ni wọ́n ń kà. Iná tó ń jáde ní ti gidi kì í sábà ju 4,000 sí 5,000 lọ. Àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yìí fẹ̀ ju odò Ọya lọ, inú rẹ̀ sì ni ìtàn iná Nàìjíríà wà.

Marina yìí kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1896, ọdún 15 lẹ́yìn tí iná mọ̀nàmọ́ná kọ́kọ́ tàn ní ojú pópó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba amúnisìn gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀ sí Èkó, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 kílówáàtì. Ọgọ́ta áyọ́ọ̀nù péré! Ilé ìtura kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ní Ìkẹjà lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán lónìí. Ṣùgbọ́n fún ìlú tó ń fi àtùpà elépo ríran, ìyanu ni.

Èkó ń gbòòrò, ẹ̀rọ méjì yẹn kò sì lè gbé e mọ́. Ní 1923, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá kan ní Ìjọ́rà, létí ọ̀sà. Èédú ni Ìjọ́rà ń jẹ, bẹ́ẹ̀ Èkó kò ní èédú. Ara òkè Udi lẹ́bàá Enugu ni àwọn awakùsà ti ń wà á. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n parí ní 1916 ń kó o lọ sí Port Harcourt, ọkọ̀ òkun sì ń gbé e gba etíkun wá sí Èkó. Kí gílóòbù kan tó tàn ní Marina, ẹnì kan ti ní láti rákò wọnú ihò ilẹ̀ ní Udi. Àwọn awakùsà yìí ni ọlọ́pàá amúnisìn yìnbọn fún ní Iva Valley ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, nígbà tí wọ́n ń jà fún owó iṣẹ́ wọn. Ènìyàn 21 ló kú. Wọn kì í sábà dárúkọ wọn tí wọ́n bá ń pìtàn iná, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn wọn ni iná náà ti wá.

Ní òkè Ọya, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbé e gbà. Àwọn òyìnbó tó ń wa kùsà tíìnì ní agbègbè Jos nílò iná, èédú sì jìnnà sí wọn. Ní 1929, àwọn aládàáni dá ilé iṣẹ́ NESCO sílẹ̀, wọ́n sì fi omi tó ń já wálẹ̀ ní Kurra yí ẹ̀rọ. Iná tí kò lo èédú, tí kò lo epo, tí ayé òde òní ń ṣe àpérò lé lórí láti ìlú dé ìlú, ti ń tàn ní agbègbè Jos kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jókòó síbi àpérò náà tó dáyé.

Títí di àsìkò yẹn, olúkúlùkù ìlú ló ń dá iná rẹ̀ dá. Port Harcourt ní tirẹ̀ ní 1928, Kaduna ní 1929, àwọn ìlú mìíràn sì ń tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ ìlú kan bá dákú, ìlú kejì kò lè ràn án lọ́wọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1950 ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, ECN, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Àjọ yìí ló ta wáyà ńlá àkọ́kọ́, ti 132 kílófólítì, láti Ìjọ́rà lọ sí Ìbàdàn ní 1962. Ìbàdàn nígbà náà kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń fojú kéré: ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Ìwọ̀ Oòrùn ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1959, yunifásítì wà níbẹ̀, olú ìlú ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni. Wáyà kan ṣoṣo yẹn, láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ni okùn iná àpapọ̀ tí gbogbo ènìyàn wá ń pè ní gíríìdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Epo rọ̀bì ti jáde ní Oloibiri ní 1956, gáàsì sì ń bá a jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì náà ni wọ́n ń dáná sun sójú ọ̀run, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí ẹ̀rọ ní Afam àti ní Ughelli láàárín àwọn ọdún 1960. Kò tíì sí ẹni tó rò ó nígbà náà pé gáàsì yìí ni yóò jọba. Omi ni ojú gbogbo wọn ń wò.

Yorùbá mọ ẹni tó ni odò tí wọ́n ń wò ọ̀hún. Ọya ni, aya Ṣàngó, tó di odò. Bí ọkọ ti ń gba ipò lórí òpó ní Marina, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá ọ̀nà láti fi aya sẹ́nu iṣẹ́ ní Kainji. Ní 1962, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń rí sí ìsédò Ọya sílẹ̀. Báǹkì Àgbáyé wà lára àwọn tó yá wọn lówó. Àwọn ará Italy ló gba iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, iṣẹ́ ò dúró. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì 1969, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́, Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣí ìsédò náà.

Ohun tó mú kí Kainji dára fún iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni omi máa ń kún níbẹ̀ lọ́dún. Èkínní, omi òjò tó rọ̀ nítòsí, tó ń gbé amọ̀ bọ̀, máa ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá. Èkejì, òkè Guinea ló ti wá. Ó rin ìrìn oṣù mélòó kan gba Mali àti Niger kọjá, amọ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò mìíràn ti ń gbẹ. Bí ìkún omi kan bá lọ, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n adágún tó tó 1,300 kìlómítà níbùú lóròó kò ṣẹ̀dá ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò sí ènìyàn. Àwọn tó lé ní 40,000 ló ṣí kúrò nílé wọn. Ìlú Bussa, tó jẹ́ ti àwọn ará Borgu láti ayébáyé, wọ ìsàlẹ̀ omi. New Bussa ni wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ ibẹ̀. Ibi tí omi ti ń sáré láàárín àpáta ní Bussa àtijọ́ ni Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò ará Scotland, kú sí ní 1806. Àpáta náà ti wà lábẹ́ adágún báyìí. Lórí adágún kan náà, àwọn apẹja rí ọjà tuntun, nítorí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọ́kọ́ kún ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ.

Ẹ̀rọ mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Kainji, 80 mẹ́gáwáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi mẹ́rin kún un, ó sì di 760. Méjìlá ni wọ́n ti yà sínú àwòrán rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin tó kù kò dé títí dòní. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún 1970, láti inú omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná Nàìjíríà ti ń wá. Ó yẹ kí àwọn tó ń sọ pé iná aláìléèéfín jẹ́ ohun àjèjì nílẹ̀ yìí rántí ìyẹn.

Omi Kainji tún bí àdéhùn kan. Nàìjíríà gbà láti máa ta iná fún orílẹ̀-èdè Niger, kí Niger má bàa sé odò lókè. Wáyà ti Birnin Kebbi wọ Niamey. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, Nàìjíríà já wáyà náà, Niamey sì ṣú. Ní ìhà kejì, láti 2007, wáyà ńlá kan ti gba Ìwọ̀ Oòrùn Ìkẹjà kọjá ààlà lọ sí Ṣakẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ìlú tí Yorùbá ń sọ Yorùbá láìbìkítà fún ẹni tó pààlà ilẹ̀. Iná Nàìjíríà ń tàn ní Kútọnu àti Lomé lálẹ́ tí ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn wà lókùnkùn. Ó ti fa àríyànjiyàn púpọ̀ nídìí ọtí, ṣùgbọ́n owó dọ́là ni wọ́n ń fi rà á, ìyẹn sì ni ohun tí àwọn oníbàárà inú ilé kì í san.

Ní 1972, ìjọba ológun pa ECN àti àjọ ìsédò pọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ọmọ tuntun náà ni NEPA. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba kankan tó wọ èdè Yorùbá lára tó o. Ó ti lé ní ogún ọdún tí NEPA ti kú, síbẹ̀ bí iná bá lọ, “NEPA ti mú iná” ni ìyá àgbà yóò wí, bí ó bá sì dé, àwọn ọmọ àdúgbò yóò pariwo “Up NEPA!” títí ariwo náà yóò fi gba ojú ọ̀nà kan dé òmíràn.

Owó epo ń wọlé, NEPA sì ń kọ́lé. Sapele bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ó parí ní 1,020 mẹ́gáwáàtì. Ìsédò Jebba dé ní 1985, ó ń lo omi tí Kainji ti lò tán. Shiroro, lórí odò Kaduna, dé ní 1990 pẹ̀lú 600. Ṣùgbọ́n ti Egbin ló gbòde kan. Abúlé létí ọ̀sà ni, lẹ́bàá Ìjẹ̀dẹ́ ní Ìkòròdú, tí àwọn ènìyàn ń pẹja. Àwọn ará Japan kọ́ ẹ̀rọ mẹ́fà síbẹ̀, 220 lọ́kọ̀ọ̀kan, 1,320 lápapọ̀. Gáàsì ń se omi nínú ìkòkò ńlá, ooru rẹ̀ ń yí tọ́báìnì, omi ọ̀sà ń tu ẹ̀rọ lára. Páìpù tó ń gbé gáàsì wá láti Escravos ní agbègbè Niger Delta ni Egbin fi ń mí. Kò sí ilé iṣẹ́ amúnáwá mìíràn tó tóbi tó o ní Nàìjíríà títí di báyìí, gáàsì sì ti borí omi.

Láàárín ọdún 12 péré, ohun tó lé ní 3,000 mẹ́gáwáàtì ti wọlé. Bí ìrìn náà bá ti ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìtàn yìí ìbá kúrú.

Kò bá a lọ. Fún bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Shiroro, ìjọba ológun kò kọ́ ilé amúnáwá ńlá kan, ohun tó sì burú ju ìyẹn lọ, wọn kò tọ́jú èyí tó wà. Tọ́báìnì dà bí ọkọ̀ akérò: bí kò bá rí òróró àti páàtì, yóò kú sójú ọ̀nà. Owó iná tí ìjọba fi lélẹ̀ kò tó ra páàtì. Àwọn bárékè àti ọ́fíìsì ìjọba fúnra wọn kì í san owó iná. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1999, ẹ̀rọ 79 ló wà káàkiri orílẹ̀-èdè. 19 péré ló ń ṣiṣẹ́. Iná tó ń jáde lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bí 1,750 mẹ́gáwáàtì, fún ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.

Olóyè Bọ́lá Ìgè, Cicero ti Ẹsà-Òkè, ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi ṣe mínísítà tó ń rí sí iná nígbà náà. Agbẹjọ́rò ni, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni, gómìnà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni, ó sì ṣèlérí pé iná yóò dúró. Nígbà tí yóò fi di 2000, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́. Ahọ́n tó lè yí ilé ẹjọ́ lọ́kàn padà kò lè yí tọ́báìnì tí páàtì rẹ̀ ti jẹ tán.

Láti ìgbà náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹ̀rọ bí ẹni tí ọjà fẹ́ tú mọ́ lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó bá Enron ti Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí ọkọ̀ ojú omi. Kí iṣẹ́ náà tó dúró dáadáa, AES ti gbà á lọ́wọ́ Enron, ó sì so ọkọ̀ náà mọ́ etí Egbin, 270 mẹ́gáwáàtì. Àwọn ará China kọ́ Ọmọ́tóṣọ̀ọ́ sí agbègbè Òkìtìpupa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n kọ́ Ọlọ́runṣògo sí Pápáláńtò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, 335 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2004, wọ́n dá ètò ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NIPP, láti kọ́ ilé amúnáwá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gáàsì ni gbogbo wọn yóò jẹ. Ibi tí ẹ̀kọ kò ti ṣojú mímu ni pé wọ́n ra ìkòkò kí wọ́n tó wá igi ìdáná. Ẹ̀rọ dé, páìpù gáàsì kò dé. Ibòmíràn, páìpù dé, wáyà tí yóò gbé iná jáde kò tíì sí. Ní 2008, àwọn aṣòfin ṣe ìwádìí iye owó tó ti wọlé sínú ètò iná láti 1999, wọ́n dárúkọ $16 bílíọ̀nù, Ọbásanjọ́ ní kò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo tí kò tíì tán.

Òfin 2005 pa NEPA, ó fi PHCN rọ́pò rẹ̀, ó sì la ọ̀nà bí wọn yóò ṣe tà á. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013 ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́: ilé iṣẹ́ apèsè iná bọ́ sọ́wọ́ àwọn kan, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín in bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Wáyà ńlá tó wà láàárín wọn nìkan ni ìjọba fi sọ́wọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn aládàáni kan kọ́ Azura lẹ́bàá ìlú Benin, 461 mẹ́gáwáàtì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018. Nínú ìwé, nọ́ńbà náà ń ga sí i.

Òṣogbo ni wọ́n ti ń rí bó ṣe ń lọ ní ti gidi, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ gíríìdì tọ̀sán tòru. Iná kì í ṣe ẹ̀wà tí ènìyàn ń kó sínú àká. Bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa lò ó, ìlù kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ máa jó sí, àádọ́ta ìlù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá ṣàdédé dákú, ìlù á falẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ yòókù, kí wọ́n má bàa bàjẹ́, á sá jáde lójú agbo lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á sì ṣú láti Èkó dé Maiduguri. Ní orílẹ̀-èdè tí nǹkan ti gún, ẹ̀rọ kan máa ń wà ní sẹpẹ́ tí yóò bọ́ sípò èyí tó dákú. Ní Nàìjíríà, gbogbo èyí tó lè jó ti wà lójú agbo tẹ́lẹ̀. Ní 2016, lẹ́yìn tí àwọn ajìjàgbara fọ́ páìpù Forcados, gáàsì wọ́n, ní ìparí oṣù kẹta ọdún náà sì ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè já sí òfo fún wákàtí mélòó kan. Ní 2024, ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ tí gíríìdì wó. Ní oṣù kẹta 2025, wọ́n kéde ayọ̀ pé iná ti ga dé ohun tó lé díẹ̀ ní 5,800, pé kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí. South Africa, tí iye ènìyàn rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti Nàìjíríà, ní ẹ̀rọ tó lé ní 50,000, àwọn náà sì ń ráhùn.

Kí ni omi ń ṣe ní gbogbo ìgbà yìí? Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn. Ìsédò Zungeru, 700 mẹ́gáwáàtì, tí owó China kọ́ sórí odò Kaduna, ti dara pọ̀. Dadin Kowa ní Gombe ní 40. Ti Mambilla ní Taraba ni ìtàn tó yẹ ká fi sùn. Láti 1972 ni wọ́n ti ń ya àwòrán rẹ̀: 3,050 mẹ́gáwáàtì, èyí tó ju Kainji, Jebba àti Shiroro lọ tí a bá ró wọn pọ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kan ní 2003. Ní 2017, wọ́n tún gbé e fún àwọn ará China ní nǹkan bí $5.8 bílíọ̀nù, ẹni àkọ́kọ́ sì pe ìjọba lẹ́jọ́ níwájú àwọn onídàájọ́ ní Paris. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ Mambilla ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Odò náà ń ṣàn lọ ní tirẹ̀.

Afẹ́fẹ́ kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina, wọ́n gbé ọ̀pá alátẹ́gùn 37 dúró, 10 mẹ́gáwáàtì lápapọ̀. Ní ìparí 2012, àwọn agbébọn jí ẹnjiníà kan ará Faransé tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ti oòrùn, àjọ ìjọba tó ń ra iná buwọ́ lùwé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ 14 ní 2016, fún ohun tó lé ní 1,000 mẹ́gáwáàtì. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí ná iye owó rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti buwọ́ lùwé tán. Títí di báyìí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tan gílóòbù kan sórí gíríìdì.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka gíríìdì nìkan kò tíì ka iná Nàìjíríà. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn ará ìlú ti ń kọ́ ilé amúnáwá tiwọn sí ẹ̀yìnkùlé. Onílé ń ra jẹnẹrétọ̀. Ilé ìwòsàn ń ra méjì, nítorí ọ̀kan lè kọ̀. Aránṣọ àti onígbàjámọ̀ ń ra èyí tó kéré jù, tí ìgboro sọ ní “I better pass my neighbour”, orúkọ tó sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa ìfigagbága àdúgbò. Àwọn ńlá náà ò gbẹ́yìn. Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí kò dúró de ẹnikẹ́ni: 435 mẹ́gáwáàtì ló kọ́ fún ara rẹ̀, èyí tó ju 335 ti Ọmọ́tóṣọ̀ọ́ lọ. Ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ni owó orí tí gbogbo ènìyàn ń san láìsí òfin tó fi lélẹ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni nǹkan yí padà. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé kò sí owó ìrànwọ́ epo mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo kan kúrò ní nǹkan bí ₦190, ó lé ní ₦480; ní ìparí 2024 ó ti ń sáré lórí ₦1,000. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, fò láti ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Jẹnẹrétọ̀ di ohun tí ọlọ́rọ̀ ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fà. Lójijì, páńẹ́ẹ̀lì sólà tí àwọn ènìyàn ti ń pè ní nǹkan ọlọ́lá kò wọ́n mọ́ tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ epo ọdún méjì. Ní ọjà Alaba ní Èkó, iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń to jẹnẹrétọ̀ sí di ibi tí wọ́n ń to páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì sí.

Láàárín oṣù 12 tó parí ní oṣù kẹfà 2025, páńẹ́ẹ̀lì tí Nàìjíríà kó wọlé láti China tó nǹkan bí 1,700 mẹ́gáwáàtì. South Africa nìkan ló kó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Áfíríkà. Iye tí Nàìjíríà kó wọlé yìí ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára Egbin lọ. Òótọ́ ni pé páńẹ́ẹ̀lì kì í ṣiṣẹ́ lóru, òjò sì ń dín agbára rẹ̀ kù, nítorí náà mẹ́gáwáàtì sólà kan kò tó mẹ́gáwáàtì Egbin kan lójúmọ́. Ṣùgbọ́n kò béèrè gáàsì, kò béèrè páìpù, Òṣogbo kò sì rí i lójú pátákó rẹ̀, nítorí orí òrùlé ló wà.

Àwọn abúlé kan ti ṣáájú ìgboro dé ibẹ̀. Ní Gbamu-Gbamu, ìletò olóko kòkó kan ní ìlà oòrùn Ìjẹ̀bú, wáyà ìjọba kò dé ibẹ̀ rí. Ní 2018, ilé iṣẹ́ Rubitec gbé páńẹ́ẹ̀lì 85 kílówáàtì síbẹ̀ pẹ̀lú bátìrì, ó ta wáyà kúkúrú yí ìletò ká, ó sì fún olúkúlùkù ní mítà. Ó ju èyí tí Èkó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1896 lọ. Owó yúnìtì wọn ga ju ti ìgboro lọ, àwọn tó ń lo jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀ sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń san án. Òfin iná tuntun ti 2023 ti ṣí ilẹ̀kùn fún ìpínlẹ̀ láti máa ṣàkóso iná tiwọn. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà. Ní ìparí ọdún kan náà, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí $750 mílíọ̀nù fún irú iná tó wà ní Gbamu-Gbamu káàkiri orílẹ̀-èdè, kó lè kan ènìyàn mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀.

Ní oṣù kejì 2024, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní Àbújá tẹ orúkọ àwọn ọ́fíìsì ìjọba tó jẹ ẹ́ ní gbèsè jáde, Ilé Ààrẹ sì wà nínú wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣe ìṣirò, gbèsè Ilé Ààrẹ já sí ₦342 mílíọ̀nù, Ààrẹ sì pàṣẹ kí wọ́n san án. Nígbà tí ìwé ìṣúná 2025 jáde, àwọn oníròyìn rí ìlà kan nínú rẹ̀: ₦10 bílíọ̀nù, fún páńẹ́ẹ̀lì sólà ní Aso Rock.